Tie rod Camry tó gan: ẹ má tíì ra ráàkì

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá mi. Camry ọdún 2000 ni mo ń wà n'Ìbàdàn níbí, tokunbo ni mo rà á. Táyà iwájú méjèèjì ń jẹ lápá inú, ni mo bá gbé e lọ fún alignment, kí wọ́n to táyà kó tọ́. Wọ́n ní àwọn ò lè ṣe é, pé nọ́ọ̀tì tie rod apá ọ̀tún, ọ̀pá tó so ráàkì sítíárìn mọ́ táyà, ti gan. Mẹkáníìkì mi fi páìpù kún sípánà, ó fà á títí, ọ̀pá inú ló kàn ń bá a yí. Ó ní kí n lọ ra ráàkì Belgium, ìyẹn àlòkù òkè òkun, ní ọjà Gate. Àbúrò mi tó kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì ní kí n ṣì dúró ná. Èwo ni kí n ṣe? Bó bá sì ṣeé tú, báwo la ó ṣe tú u tí a ò ní ba nǹkan mìíràn jẹ́?

Ìdáhùn: Ẹ kú wàhálà ọkọ̀ o. Àbúrò yín ló tọ̀nà.

Ohun tó gan lábẹ́ ọkọ̀ yín kì í ṣe ráàkì. Nọ́ọ̀tì kan ni, àti tie rod end, ìyẹn orí tie rod níhà táyà, tí nọ́ọ̀tì náà ń tì lẹ́yìn. Ìta ráàkì ni àwọn méjèèjì wà. A lè gé wọn, a lè fi iná sun wọ́n, a lè sọ wọ́n nù, kí ara ráàkì má gbọ́ nǹkan kan. Bí ọ̀pá inú tí wọ́n ń pè ní rack end bá tilẹ̀ bàjẹ́ lójú iṣẹ́, òun náà ń dá tà lọ́jà, ó sì ń dá tú kúrò lẹ́nu ráàkì. Ìgbà tí mo máa ń ní kí oníbàárà ra ráàkì ni ìgbà tó bá ń jo ọ́ìlì, tàbí tí irin dídán tó ń wọlé-jáde nínú rẹ̀ bá ti dógùn-ún débi pé ó ti ní ihò lára, tàbí tí eyín inú rẹ̀ bá ti jẹ tí sítíárìn fi ń mì lọ́wọ́. Ẹ ò dárúkọ ìkankan nínú wọn. Ẹ rántí pẹ̀lú pé ráàkì Belgium tí ẹ bá rà ní Gate lè jẹ́ pé ibi tí ọkọ̀ yín ti wá ni òun náà ti wá. Tie rod tirẹ̀ náà lè ti gan, kí ẹ wá san owó ńlá fún ìṣòro kan náà.

Ibi tí wọ́n ti wá yẹn ló fa gbogbo rẹ̀. Ní Kánádà àti ní ìhà àríwá ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà, wọ́n máa ń da iyọ̀ sójú títì nígbà òtútù kí yìnyín lè yọ́. Omi iyọ̀ yẹn á máa ta sí abẹ́ ọkọ̀ fún oṣù bíi mélòó kan lọ́dọọdún, irin kì í sì í pẹ́ dógùn-ún nínú omi iyọ̀, torí pé ó ń gbé iná mànàmáná kọjá ju omi lásán lọ. Ẹ bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ tokunbo tó lo ìgbà òtútù mẹ́wàá lọ́hùn-ún, kí ẹ wá wo abẹ́ èyí tó ti ilẹ̀ gbígbóná bíi Texas wá, ẹ ó rò pé ọdún tí wọ́n ṣe wọ́n kò jọra. Ọkọ̀ tó ń sùn létí òkun ní Lẹ́kí tàbí Badagry náà ń jẹ díẹ̀ nínú ìyà yìí.

Gbogbo wa mọ̀ pé ìpẹtà ń jẹ irin tán. Ohun tó ń yọ mẹkáníìkì lẹ́nu jù ni pé ìpẹtà tóbi ju irin tó ti inú rẹ̀ jáde lọ. Ó lè gba àyè ìlọ́po méjì títí dé mẹ́fà. Láàárín tẹ́rẹ́ẹ̀dì nọ́ọ̀tì àti ti ọ̀pá, kò sí ibi tí yóò wú sí, ló bá fún méjèèjì mọ́ra bí ẹni gbá èèkàn sáàárín wọn. Ẹ wá rí ìdí tí páìpù mẹkáníìkì yín kò fi ṣiṣẹ́. Ìpẹtà tó wú kò níṣẹ́ kankan pẹ̀lú apá líle. A ní láti fọ́ ọ, tàbí kí a mú kí ihò nọ́ọ̀tì fẹ̀ kúrò lára rẹ̀, tàbí kí a gé nọ́ọ̀tì náà kúrò.

Kí a tó sọ̀rọ̀ oògùn, ìyẹn ohun tí a ó kán sí ìpẹtà, rárá, mo ní ìbéèrè kan fún mẹkáníìkì yín: apá ibo ló ń yí nọ́ọ̀tì náà sí? Mo ti rí ọmọ iṣẹ́ tó fi odidi wákàtí kan fún nọ́ọ̀tì yìí le sí i, tó rò pé òun ń tú u. Ẹ̀yìn tie rod end ni nọ́ọ̀tì náà wà, níhà ẹ́ńjìn, ó fara tì í kó má baà yí. Láti tú u, ẹ ní láti lé e sẹ́yìn, kó máa lọ síhà ráàkì. Ẹ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà kí ẹ kọjú sí ẹ́ńjìn: bí ọwọ́ aago ṣe ń lọ ni ẹ ó yí i, ìyẹn apá tí ọwọ́ wa ti mọ̀ sí fífún nọ́ọ̀tì le. Ẹni tó bá wọ abẹ́ ọkọ̀ tó ń wò ó láti àárín, òdìkejì ni yóò rí. Tie rod end fúnra rẹ̀, bí nọ́ọ̀tì lásán ló ṣe ń jáde. Tẹ́rẹ́ẹ̀dì ọ̀tún, èyí tó ń le bí a bá yí i bí ọwọ́ aago, ni mò ń sọ o, kì í ṣe apá ọ̀tún ọkọ̀; òun ló wọ́pọ̀ lára ọkọ̀ tó ní ráàkì. Àwọn kan wà, bíi Mercedes àtijọ́, tí ẹnu kan ọ̀pá wọn jẹ́ tẹ́rẹ́ẹ̀dì òsì. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì onírin fọ tẹ́rẹ́ẹ̀dì mọ́ dáadáa, ẹ wo ibi tí ìlà rẹ̀ dagun sí, ẹ ó mọ̀.

Ohun kejì ni pé ọ̀pá inú ń bá a yí. Èyí fi hàn pé wọn kò dá nǹkan kan dúró. Tie rod end ní ibi tí wọ́n fá pẹrẹsẹ fún sípánà. Ẹ ki sípánà kan síbẹ̀, ẹ ki èkejì sórí nọ́ọ̀tì, kí ọwọ́ àwọn méjèèjì ya bí ọwọ́ àlùmọ́gàjí, kí ẹ wá fún wọn pọ̀. Báyìí, agbára tí ẹ lò parí sáàárín sípánà méjèèjì, ráàkì kò jẹ níbẹ̀. Bí ẹ bá kàn fà á láìdá ohunkóhun dúró, ọ̀pá inú ni ẹ ń lọ́, àti róbà onípílíìtì tó bo ẹnu ráàkì. Róbà yẹn bá ya, omi àti iyanrìn á wọlé, ìgbà yẹn ni ráàkì yóò wá bàjẹ́ lóòótọ́. Ẹ tú kílíìpù kékeré tó di ẹnu róbà náà mọ́ ọ̀pá kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, kó lè dúró jẹ́ẹ́ bí ọ̀pá bá yí.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọ abẹ́ ọkọ̀ tó wà lórí jáàkì nìkan. Iṣẹ́ tí à ń sọ yìí, fífà ni, lílù ni, mímì ni, jáàkì sì lè yẹ̀ nígbàkigbà. Ẹ gbé e lé ẹsẹ̀ irin méjì, ẹ fi òkúta ti táyà ẹ̀yìn, kí ẹ sì ti táyà tí ẹ bọ́ sílẹ̀ sábẹ́ ṣaasí.

Oògùn wá kàn. WD-40 tí gbogbo wa ń fọ́n sí ohun gbogbo, iṣẹ́ tí wọ́n tìtorí rẹ̀ pò ó ní ọdún 1953 ni láti lé omi kúrò lára irin. Ohun tí lẹ́tà méjì yẹn dúró fún nìyẹn, 40 sì ni iye ìgbà tí wọ́n dán an wò kó tó bọ́ sí i. Ó dára láyè tirẹ̀, ṣùgbọ́n mo fẹ́ràn àdàlú ATF, ọ́ìlì pupa tí à ń dà sí gíà, pẹ̀lú acetone, ìlàjì-ìlàjì. Wọn kì í pò pọ̀ tán, nítorí náà ẹ mì ín kí ẹ tó kán an sílẹ̀. Ẹ ó rí acetone lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta kẹ́míkà ọ̀dà. Bí kò bá sí, kẹrosíìnì pẹ̀lú ẹ́ńjìn ọ́ìlì díẹ̀ yóò ṣe é, yóò kàn pẹ́ ni. Brake oil tí àwọn ọ̀gá àtijọ́ ń lò náà ń wọlé, àmọ́ ó ń bó ọ̀dà ọkọ̀. Pẹtiróòlù kò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí rárá.

Kí ẹ kán an nírọ̀lẹ́, kí ẹ tún kán an láàárọ̀, kí ẹ tún kán an nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì. Lẹ́yìn ìkánsílẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ẹ fi òòlù kékeré lu ẹ̀gbẹ́ nọ́ọ̀tì yíká, kí ẹ fi irin wúwo kan tì í lódìkejì. Mímì yẹn ló ń la ìpẹtà tí oògùn fi ń rí ọ̀nà gbà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fọ́n oògùn tán, wọ́n á sì gbé sípánà láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún, wọ́n á wá ní oògùn ò dáa. Nígbà tí ẹ bá fẹ́ yí i, ẹ kọ́kọ́ yí i díẹ̀ síhà tó fi ń le, kí ẹ tó dá a padà. Bó bá ti sún bí eékánná, ẹ má fà á lọ tán. Ẹ dá a padà, ẹ kán oògùn, ẹ tún tẹ̀ síwájú, kí lẹ́bú ìpẹtà lè máa jáde. Sípánà olórùka onígun mẹ́fà ni kí ẹ fi ṣe é níbi tó bá ti lè wọ̀. Onígun méjìlá ń fá etí nọ́ọ̀tì tó ti jẹ.

Bí ọjọ́ méjì bá kọjá tí kò sún, iná kù. Ọ̀rọ̀ iná kì í ṣe kí irin rọ̀. Irin tó bá gbóná ń fẹ̀. Nọ́ọ̀tì tí ihò rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 14, bí ẹ bá mú un gbóná ju ọ̀pá inú rẹ̀ lọ ní dígírì 400, yóò fẹ̀ sí i ní nǹkan bíi 0.07 mìlímítà. Kò ju sisanra irun orí kan lọ, ṣùgbọ́n ó tó. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé nọ́ọ̀tì nìkan ló gbọdọ̀ gbóná. Bí ẹ bá fi iná ra gbogbo agbègbè náà lọ tìrìgbọ̀n, ọ̀pá á fẹ̀ pẹ̀lú nọ́ọ̀tì, iṣẹ́ kò ní lójú. Iná gáàsì wẹ́dà tó ní ẹnu tóóró ló dára: kíákíá, sórí nọ́ọ̀tì, yíká, títí yóò fi pupa rẹ́súrẹ́sú. Ẹ fi àkísà tútù we róbà ráàkì kí ẹ tó tan iná. Bí pupa rẹ̀ bá ti lọ, ẹ fi àbẹ́là kan ẹnu tẹ́rẹ́ẹ̀dì: á yọ́, irin á sì fà á wọlé. Àbẹ́là lásán ti bá mi tú nọ́ọ̀tì tí oògùn olówó ńlá kò tú.

Ọ̀rọ̀ iná yìí ní àlà o, mi ò sì fẹ́ kí ẹ fò ó kọjá. Ẹ má fi iná kan ṣọ́kù láéláé. Ọ́ìlì àti gáàsì wà ní títì pa nínú rẹ̀, ó lè bú gbàmù. Ball joint, oríkèé oníbọ́ọ̀lù irin tó ní gíríìsì nínú, náà lè fọ́n jáde sójú ènìyàn. Sípíríǹgì tí iná bá kàn yóò pàdánù líle rẹ̀. Irin apá tí tie rod wọ̀, tó so mọ́ ọwọ́ táyà, kò gbọdọ̀ pupa, torí irin tí wọ́n ti fi iná tọ́jú kó lè lágbára ni, bó bá sì rọ̀, ẹ ò ní fojú rí i àfìgbà tó bá ṣẹ́ lójú ọ̀nà. Acetone àti àkísà olóògùn gbọ́dọ̀ ti kúrò nítòsí. Bí ẹ bá sì ti fọ́n sípíréè ìfọ-bíréèkì síbẹ̀, ẹ jẹ́ kó gbẹ tán pátápátá, torí àwọn kan nínú rẹ̀ tó ní chlorine ń di èéfín olóró tó ń pa ènìyàn bí iná bá kàn wọ́n.

Bó bá jẹ́ tèmi, lójú ọ̀nà tí ẹ dé yìí, mi ò ní wá iná rárá. Màá gé nọ́ọ̀tì náà. Nọ́ọ̀tì ò wọ́n, tie rod end yín náà sì ti lọ́jọ́ lórí. Ẹ fi ayùn irin tàbí gíráńdà kékeré là á níhà kan, kí ojú ayùn bá ọ̀pá lọ gbọọrọ, kó kù bí irun kó kan tẹ́rẹ́ẹ̀dì, kí ẹ wá ki ṣísù sínú ojú náà kí ẹ gbá a. Yóò là, ọwọ́ lásán ni ẹ ó fi yọ ọ́. Tie rod end tó bá ṣì di ara rẹ̀ mú, ọ̀nà kan náà ni: ẹ là á níhà kan, á sì ṣí. Kí ẹ tó gé ohunkóhun, ẹ wọn ìwọ̀n láti àárín bọ́ọ̀lù tie rod end dé ibi kan tí kò lè sún lára ọ̀pá, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Bí ẹ bá ń yí i jáde, ẹ ka iye ìgbà tó yí. Tuntun yóò wọ ibẹ̀, ẹ ó sì lè wa ọkọ̀ dé ọ̀dọ̀ alálignment láìjẹ pé táyà kan kọjú sí Mọ́kọ́lá, kí èkejì kọjú sí Dùgbẹ̀.

Ó ku ibi tí bọ́ọ̀lù tie rod wọ inú irin apá. Kò sí tẹ́rẹ́ẹ̀dì láàárín àwọn méjèèjì, ìpẹtà kọ́ sì ni olórí ohun tó dì í mú. Ẹ wo àáké ìbílẹ̀ nínú ẹ̀rú rẹ̀: ìrù rẹ̀ tín-ín-rín níwájú, ó fẹ̀ lẹ́yìn, gbogbo ìgbà tí a bá sì fi là igi ló ń wọnú ẹ̀rú sí i. Bẹ́ẹ̀ ni ìdí bọ́ọ̀lù yìí rí. Ẹni tó bá ń fi òòlù gbá orí tẹ́rẹ́ẹ̀dì rẹ̀ láti ìsàlẹ̀, tẹ́rẹ́ẹ̀dì ló ń tẹ̀ bí olú, kò ní jáde. Ẹ yọ pínnì tó dá nọ́ọ̀tì rẹ̀ dúró, ẹ tú nọ́ọ̀tì náà títí yóò fi bá orí tẹ́rẹ́ẹ̀dì dọ́gba, kí ẹ fi sílẹ̀ níbẹ̀. Ẹ wá gbá ẹ̀gbẹ́ irin apá tí ó wọ̀, níbi tí ihò náà wà gan-an, pẹ̀lú òòlù wúwo, kí ènìyàn kan fi òòlù mìíràn tì í lódìkejì. Gbígbá yẹn ń fún ihò náà, ó sì ń dá a sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, bọ́ọ̀lù á sì fò jáde, á ró gbàù. Bí ẹ bá ní pọ́ọ̀là, irin tí wọ́n fi ń ti bọ́ọ̀lù jáde, ẹ fi fún un kó le, kí ẹ tó wá gbá ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Méjèèjì pọ̀ ló ń yá jù. Irin ẹlẹ́nu méjì bí àmúga tí wọ́n ń gbá wọ àárín máa ń ya róbà rẹ̀, nítorí náà èyí tí ẹ fẹ́ sọ nù nìkan ni kí ẹ lò ó fún. Bí bọ́ọ̀lù bá sì ń bá nọ́ọ̀tì yí, ẹ gbé jáàkì kékeré sí òdìkejì kó tì í wọ ihò, yóò dúró.

Ẹ ní táyà ń jẹ lápá inú. Tie rod tí kò ṣeé tò lè fa ìyẹn, àmọ́ ẹ gbọn lower arm, irin apá ìsàlẹ̀ tó gbé táyà, wò kí ẹ tó sọ ọkọ̀ kalẹ̀, torí búṣìn rẹ̀, róbà tó wà ní ìdí rẹ̀, tó ti jẹ náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Bó bá kan bóòtù lower arm, ẹ fara balẹ̀ gan-an. Kò tíì pẹ́ tí mo gba fúríídọ̀mù nígbà tí wọ́n gbé ọkọ̀ kan wá fún mi kí n pààrọ̀ tirẹ̀. Nọ́ọ̀tì bóòtù iwájú wà nínú àpótí irin tí ẹ́ńjìn jókòó lé, inú ibẹ̀ ni wọ́n ti jó o mọ́ ọn. Mi ò mọ̀. Mo fi páìpù gígùn fà á, ó ró, inú mi dùn. Nọ́ọ̀tì ló já nínú àpótí. Bóòtù ń yí, nọ́ọ̀tì ń yí, kò sì síbi tí sípánà lè gbà wọlé. A gé fèrèsé sára àpótí náà kí a tó rí i mú, wẹ́dà sì jó gbogbo rẹ̀ padà. Iṣẹ́ wákàtí méjì di ọjọ́ mẹ́ta, àpò mi sì ni owó rẹ̀ ti jáde. Láti ìgbà náà, mo máa ń wo ẹ̀yìn gbogbo bóòtù kí n tó fi agbára sí i. Bóòtù tó bá yí díẹ̀ tó tún ń fà padà bíi róbà, irin inú búṣìn ló ti lẹ̀ mọ́ ọn; ayùn láàárín búṣìn àti irin tó gbé e ló ń parí ìyẹn. Bóòtù ńlá méjì tó di ṣọ́kù mọ́ ọwọ́ táyà ní tirẹ̀ sábà máa ń ní eyín lábẹ́ orí: nọ́ọ̀tì ni kí ẹ yí, kì í ṣe orí bóòtù.

Nígbà tí ẹ bá ń tò ó padà, ẹ fi gíríìsì tàbí òróró bàbà pa tẹ́rẹ́ẹ̀dì tí nọ́ọ̀tì tuntun yóò wọ̀. Ẹ má fi kan ìdí bọ́ọ̀lù tàbí ihò rẹ̀. Gbígbẹ àti mímọ́ ni ibẹ̀ gbọ́dọ̀ wà, torí ìfaramọ́ra wọn ló ń gbé ẹrù. Pínnì tuntun ni kí ẹ lò. Bí ojú nọ́ọ̀tì kò bá bá ihò pínnì mu, ẹ yí i síwájú díẹ̀ títí yóò fi bá a mu, ẹ má dẹ̀ ẹ́ sẹ́yìn láé. Bí ẹ bá pààrọ̀ búṣìn lower arm, orí ilẹ̀ ni ọkọ̀ gbọ́dọ̀ wà kí ẹ tó fún bóòtù rẹ̀ le tán, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ róbà á máa gbé ìlọ́ra káàkiri, á sì tètè ya.

Ẹ ra tie rod end méjèèjì, kì í ṣe apá ọ̀tún nìkan, torí iyọ̀ kan náà ló ta sí apá òsì. Ẹ gbé e lọ fún alignment lọ́jọ́ náà gan-an, kí ẹ dúró tì wọ́n kí ẹ rí i pé wọ́n fún nọ́ọ̀tì ẹ̀yìn méjèèjì le lẹ́yìn tí wọ́n tò ó tán. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, kí àbúrò yín gbé iwájú ọkọ̀ sókè, kó di táyà kọ̀ọ̀kan mú lápá òsì àti ọ̀tún, kó mì ín, kó sì fojú kan pínnì méjèèjì.